Igi Dúdú Àárín Àkàjà: Sí Sẹ̀nami, Nítorí Fódà Tó Fẹ́ Dà Nù

Iwóro, létí ọ̀sà.

Sẹ̀nami, Àbẹ̀kẹ́ mi,

N kò ní fi "ara mi le" bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, nítorí pé kò le, irọ́ inú ìwé sì máa ń pẹ́ láyé ju irọ́ ẹnu lọ. Awakọ̀ tó ń kó àgbọn lọ sí Mile Two ló mú lẹ́tà rẹ wá. Inú fìlà ló tọ́jú rẹ̀ sí kí àwọn sọ́jà ojú ọ̀nà má baà já a kà. Ẹ̀gbẹ́ ààrò tí mo ti ń yan ẹja ni mo jókòó sí kà á, bí èéfín ṣe ń ta mí lójú bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ ń ta mí láyà.

Ọ̀rọ̀ ìjọba, n kò ní dá a sílẹ̀. Etí pọ̀ lójú ọ̀nà Sẹmẹ̀. Ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe rí. Kẹrosíìnì ti di ohun tí à ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu àlejò. Àbúrò rẹ obìnrin ṣì jókòó tì mí nílé, wọn kò tíì ṣí ilé ẹ̀kọ́ wọn. Owó oṣù rẹ ni gbogbo wa gbójú lé, n kò sì ní fi í pamọ́ fún ọ: bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, n kò mọ ibi tí a ó yà sí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú mi gbé bírò. O ní ọ̀gá yín fún ọ di ìparí oṣù láti mú ètò inú kọ̀ǹpútà yẹn bọ̀ sípò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò wá ẹlòmíràn. O ní ọkùnrin tó kọ ọ́ ti bá tirẹ̀ lọ sí Kánádà, kò sì ṣe àlàyé kankan kó tó lọ. O wá kọ ọ́ nísàlẹ̀ pé, "Màámi, fódà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n pè ní Àtijọ́. Kò sí ohun tó ń ṣe. Mo máa dà á nù lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ kí gbogbo ibẹ̀ lè mọ́."

Ọmọ mi, má dà á nù. Ká wí fún ni kó tó dá ni, àgbà ìjàkadì ni. Ka ìwé mi tán kí ọjọ́ Ajé tó mọ́.

Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín. Ìwé mẹ́fà ni ìyá rẹ kà, kí ló kàn án nínú kọ̀ǹpútà? Ṣùgbọ́n nígbà Kérésì tó kọjá, ìwọ lo jókòó lẹ́yìn ilé ìdáná mi, tí o fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ ya gbogbo rẹ̀ sórí iyanrìn. Jẹ́ kí n kà á padà fún ọ kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́.

O ní ètò náà ni àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ yín fi ń wo ibi tí ẹrù wọn dé lórí omi, yálà wọ́n wà ní Kútọnu tàbí ní ìlú òyìnbó. O ní dátábéèsì ni ilé ìkẹ́rùsí ńlá tí orúkọ ọkọ̀, orúkọ ẹlẹ́rù àti iye àpótí wà. Níbòmíràn, kìkì irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Ìta ni wọ́n ń to àwọn ojú ewé tí àlejò ń rí sí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó kọ tiyín kó gbogbo ilé wọ inú ilé ìkẹ́rùsí náà: ojú ewé, àwòrán, àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́, títí kan kọ́kọ́rọ́. Kò sí ohun tó kù síta àfi ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ rí fódà kan, àfi kó wọ inú dátábéèsì lọ bí ẹni tó ń rì sínú omi.

O wá ya fódà wọ̀nyẹn ní yàrá yàrá. Ọ̀kan ni ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú ewé tí àlejò ń kọ́kọ́ bá pàdé. Ọ̀kan fún àwòrán àti àwọ̀, bí ẹni kun ilé. Ọ̀kan ni ilé ìdáná, níbi tí àwọn àṣẹ ti ń se ohun tí wọ́n ń gbé jáde fún ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀kan fún ohun tí gbogbo ojú ewé jọ ń yá lò, bí àkọlé òkè àti ìlà ìsàlẹ̀, kí a má baà máa kọ ọ́ lákọtúnkọ. Ọ̀kan ni yàrá inú, níbi tí kọ́kọ́rọ́ àti ìlànà bí ilé ṣe ń dúró wà. Lẹ́yìn náà o ya ọ̀kan sí ọ̀kánkán, o ní Àtijọ́ nìyí. Kí n tó béèrè ohun tó wà níbẹ̀, o ti fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́. O ní, "Èyí ò wúlò."

Mo rántí ẹsẹ̀ yẹn. Mo sọ fún ọ lọ́jọ́ náà pé àkàjà bàbá rẹ ni o yà sílẹ̀ yẹn, o rẹ́rìn-ín, o lọ wẹ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Inú ọkọ̀ ojú omi nìkan ni o ti mọ àkàjà. Láti òkèèrè, igi jákujàku tó yọ orí lójú ọ̀sà ni, bí ìgbà tí ilé kan wó sínú omi. Èmi ará Ìpókíá, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi wá síbí ní ìyàwó, mo rò pé ẹnì kan ló da igi ìdáná nù. Ṣùgbọ́n ọgbà ẹja ni, ó sì ní yàrá. Igi ẹ̀gbà tó le ló yí i ká lóde, láti dènà afẹ́fẹ́ àti àwọ̀n olè. Ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ló tẹ̀ lé e, níbi tí àwọn ọmọ ẹja ń sá sí. Láàárín gbùngbùn ni igi dúdú wà, èyí tó ti jẹrà, tó rọ̀, tó ń yọ̀ bí ilá, tó ń rùn. Omi ló gbé gbogbo rẹ̀ dání. Bí o kò bá wọ omi, o kò rí nǹkan kan.

Nígbà ìkórè, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á fa gbogbo igi tu, wọ́n á kó ẹja, wọ́n á sì ri igi padà. Bàbá rẹ kì í jẹ́ kí igi dúdú gbẹ. Wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nínú omi títí wọ́n á fi dá a padà sí ààyè rẹ̀. Ní ìdílé wọn, ẹ̀gbọ́n nìkan ló ń ṣe ti àárín. Ẹ̀bá ni àbúrò ń ṣe, títí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bá fa ọwọ́ rẹ̀ wọ inú. Bàbá bàbá rẹ ló fa ọwọ́ bàbá rẹ. Bàbá rẹ kò tíì fa ọwọ́ Sẹ̀tónjí àbúrò wọn tí àyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n.

Ìwọ wà ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà, a kò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Ilé ìwòsàn tí a gbé wọn lọ, ìwé nìkan ni dókítà ń kọ. Òwú, abẹ́rẹ́, oògùn, ìbọ̀wọ́, àwa la ń rà á wá láti ìta. Sẹ̀tónjí kò lè fara dà á. Ó ní òun yóò kórè àkàjà kí àkókò rẹ̀ tó pé. Mo gbà. Kí ni ǹ bá tún ṣe?

Ẹja tó jáde lọ́jọ́ yẹn pọ̀. Epìyà tó tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ọ̀bọ̀kún tí ọwọ́ kan ò ká. A tà á, a fi ra oògùn, bàbá rẹ sì dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo Iwóro ń kí Sẹ̀tónjí. Orí ń wú u, ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun tún bá nǹkan tó dára ju bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ó kó igi dúdú yẹn gbogbo wá sí èbúté, ó pè mí.

Ó ní, "Ìyàwó wa, wá wo ìdọ̀tí tí ẹ̀gbọ́n mi ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí."

Ó lọ gé ẹ̀ka máńgòrò tútù, ó rì í ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ láti ẹ̀bá dé àárín. Ó dára lójú. Àwọn èèyàn ń gbé ọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá kí wọ́n lè wò ó. Igi dúdú tó kó sílẹ̀, èmi ni mo rù ú lọ sílé pé kí n fi dáná, nígbà tí kẹrosíìnì ti ń wọ́n. Kò gbaná. Èéfín nìkan ló ń rú. Mo kó èyí tó kù sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Bàbá rẹ padà wálé, wọ́n ti rù. Wọ́n ní kí a gbé àwọn dé ọ̀sà. Sẹ̀tónjí ń tukọ̀, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń sọ bí òun ṣe ṣe é. Èmi jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí a dé etí àkàjà, bàbá rẹ na ọwọ́ sínú omi, wọ́n di ẹ̀ka kan mú, wọ́n fi àtàǹpàkò ra á lókè lódò. Wọ́n gbé ìka sí imú.

Wọ́n wá ní, "Sẹ̀tónjí, igi tó mọ́ lo rì síbẹ̀."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ni ẹja fẹ́ rí jẹ lára rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń yọ̀ lára igi tó ti jẹrà ni ẹja ń jẹ. Ìdọ̀tí yẹn ni oúnjẹ. Nítorí rẹ̀ ni ẹja fi ń wọlé, nítorí rẹ̀ ni wọn kò fi ń lọ. Nígbà tí ìkórè tó tẹ̀ lé e dé, akàn àti omi ni àwọ̀n kó. Àìsàn bàbá rẹ sì padà dé ní àkókò ọyẹ́, kò sí ohun tí a lè gbé lọ sọ́jà. Ìwọ wálé sin wọ́n, o mọ ìyókù.

Kó tó di pé ọ̀rọ̀ wọ́n wọn lẹ́nu, mo bi wọ́n léèrè. Mo ní kí ló dé tí ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni bí àárín ṣe rí? Wọ́n ní, "Mo rò pé ẹni tó ń wò mí ti mọ̀."

Sẹ̀nami, ẹni tó wà ní Kánádà yẹn náà, bóyá ohun tó rò nìyẹn.

Nítorí náà, gbọ́ mi.

Àkọ́kọ́, yí i ká ná. Bàbá rẹ kì í wọ àkàjà láìkọ́kọ́ gbé ọkọ̀ yí i po, àjẹ̀ lókè, ọwọ́ nínú ọkọ̀. Ya fódà gbogbo sórí ìwé bí o ṣe yà á sórí iyanrìn fún mi, kí o sì kọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Èyí tí o kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, kọ "n kò mọ̀" síbẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú wà nínú kéèyàn kọ "kò wúlò" sí ibi tó yẹ kó kọ "n kò mọ̀".

Lẹ́yìn èyí, mú ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú Àtijọ́, kí o bi í pé, ta ló ń pè ọ́? Wá orúkọ rẹ̀ kiri nínú ilé ìdáná, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú ohun àyálò. Ìwọ lo sọ fún mi pé ojú ewé kan lè pe àṣẹ kan, kí àṣẹ yẹn tún lọ pe òmíràn ní yàrá tó jìn. Bóyá nǹkan kan wà nínú Àtijọ́ tí wọ́n ń pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò gbogbo ẹrù ọdún pọ̀. Lọ́jọ́ tí o bá fà á tu, gbogbo ojú ewé yóò ṣí, ọ̀gá yín yóò kí ọ, bí a ṣe kí Sẹ̀tónjí. Ohun tí a bà jẹ́ kì í sábà ké lọ́jọ́ tí a bà á jẹ́. Nígbà tí yóò bá ké, orúkọ rẹ ni yóò pè.

Bí ó bá wá di dandan pé kí o fa nǹkan tu, so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nínú omi ná. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Má sì ṣe bí àwọn tó ń da ẹ̀dà sínú díṣìkì tí wọ́n ń jù ú sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Ìyẹn ti gbẹ, o kò lè mọ̀ bóyá ó ṣì yè. Wá dátábéèsì mìíràn, kó gbogbo ilé náà síbẹ̀, kí o sì rí i pé ó ń rìn níbẹ̀ bó ṣe ń rìn ní ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí o ti dán ìtúnṣe rẹ wò. Yóò jẹ àkókò rẹ. Mo ti gbé e wò ní òṣùwọ̀n: àkókò tó jẹ kò tó ohun tí yóò ná ọ bí o bá ṣì í ṣe.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà, n kò ní gbàgbé rẹ̀. O rántí Ìyá Màùtín, tó ń ta ìrẹsì létí ọ̀nà? Orí ìṣó lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù kọ́, nítorí pé ibẹ̀ ló ti bá a nílé ìyá rẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè tó wá yẹ ẹrù wò kò fọ́ ilẹ̀kùn kankan. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́, wọ́n ṣí i, wọ́n sì tún dá a padà sórí ìṣó nígbà tí wọ́n kó ìrẹsì tán. Ó ní ohun tó dun òun jù ni bí wọ́n ṣe fi ọ̀wọ̀ dá kọ́kọ́rọ́ padà. Wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ dáadáa. Bí ọkùnrin yẹn bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àṣírí kankan sí ojú ewé tí àlejò lè rí, gbé e wọ yàrá inú, kí o sì pààrọ̀ rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo gbà ọ́ láyè láti yára ṣe.

Wá ọkùnrin náà kàn. Mo mọ̀ pé o kò fẹ́. O kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé o kò ní bẹ ẹni tó sá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, ta ni kò sá nínú ọdún wọ̀nyí? Abéèrè kì í ṣìnà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ yóò mọ bí a ṣe ń rí i. Má bi í pé kí ló dé tó fi tò ó báyìí; yóò bínú, kò sì ní dáhùn. Bi í pé èwo ni kí o má fọwọ́ kàn. Ẹni tó kọ́ ilé máa ń fẹ́ dáhùn ìyẹn, ibi yòówù kó wà.

Kí o sì lọ bá ọ̀gá yín kí ọjọ́ Ajé tó dé, má dúró kó pè ọ́. Sọ fún un wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti mọ ibi tó gba ẹsẹ̀ àti ibi tí kò gbà. Ó ku ibì kan tí n kò tíì mọ̀, n kò sì fẹ́ fi ẹrù oníbàárà yín dán an wò." Kó rí àwòrán tí o yà. Bóyá yóò gbọ́. Bóyá kò ní gbọ́. Àwọn ọ̀gá ayé ìsinsìnyí ti kọ́ pípàṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń pàṣẹ fún gbogbo wa, n kò lè ṣe ìlérí fún ọ.

Ohun kan kù. Nígbà tí o bá mọ̀ ọ́n tán, má fi sínú orí rẹ. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o gbé e sí ibi tí ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn yóò ti rí i: fódà yìí ń ṣe báyìí, èyí ń pe èyí, má fa tọ̀hún tu nítorí báyìí báyìí. Ìwọ náà lè lọ sí Kánádà lọ́jọ́ kan. Ìwọ náà lè ṣàìsàn. Ẹni tó ń wò ọ́ kò mọ̀.

Má bínú sí Sẹ̀tónjí pẹ̀lú ohun tí mo kọ yìí. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ, kò jẹ ẹja ọ̀sà mọ́, gààrí àti epo ló ń jẹ. Nígbà òjò, mo rántí àwọn igi tí kò gbaná lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo pè é. A kó wọn sínú ọkọ̀, a sì lọ rì wọ́n sáàárín, èmi àti òun. Obìnrin kì í dé ibẹ̀, mo mọ̀, àwọn àgbà kan sì ti pè mí fi mí ṣe ẹlẹ́yà pé ará Ìpókíá fẹ́ di apẹja. Mo ní kí wọ́n wá ràn mí lọ́wọ́ nígbà náà. Kò sẹ́ni tó wá.

Bí wọ́n bá lé ọ nítorí pé o béèrè, wálé. Má tijú, má sì gba ojú ọ̀nà sunkún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lé ọ nítorí pé o fa ohun tí o kò mọ̀ tu, n kò mọ ohun tí n ó fi tù ọ́ nínú, nítorí mo ti wá a fún Sẹ̀tónjí, n kò rí i.

Lọ́sẹ̀ yìí Sẹ̀tónjí gbé mi dé àkàjà. Mo na ọwọ́ sínú omi, mo fi àtàǹpàkò ra ọ̀kan nínú ẹ̀ka máńgòrò tó wà nítòsí igi dúdú bàbá rẹ. Ó ń yọ̀ díẹ̀. Ẹja kò tíì pọ̀. Ṣùgbọ́n igi ti ń dúdú.

Bí ọjọ́ Ajé bá kọjá tí fódà yẹn ṣì wà ní ààyè rẹ̀, fún awakọ̀ àgbọn ní ìwé pélébé kan kó fi sínú fìlà rẹ̀ wá. Ẹ̀bá títì ni n ó ti máa wọ̀nà fún un.

Èmi ni,
ìyá rẹ.